Ta ló ni owó náà? Bí ìrànwọ́ owó gáàsì ìgbà òtútù ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Ní ìparí oṣù kẹwàá, màmá kan gbé káàdì gáàsì rẹ̀ wá bá mi, ó nà án sí mi bí ẹni tó gbé ọmọ aláìsàn wá sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní wọ́n ti ja òun lólè. Ó fi £20 sórí káàdì náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́nà ilé rẹ̀, ó délé, ó ki káàdì bọ mítà, £3 ló rí lójú mítà. Ó padà lọ bá ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà, ìyẹn fi rìsíìtì hàn án pé £20 pé pérépéré. "Ọmọ mi," ó ní, "ta ló wá jẹ £17 mi?"

Kò sólè níbẹ̀. Màmá ti pa hítà láti oṣù karùn-ún. Omi tó fi ń wẹ̀, kẹ́túlù ló fi ń sè é, ó ń lú u pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Lọ́kàn tirẹ̀, kò lo gáàsì, kò jẹ gbèsè gáàsì. Ṣùgbọ́n yálà èèyàn lo gáàsì o, kò lò ó o, owó kan wà tí wọ́n ń gé lójoojúmọ́, standing charge ni wọ́n ń pè é. Tí a bá ní 30p ni lójúmọ́, tí owó orí mítà sì ti tán láti ogójì ọjọ́ sẹ́yìn, £12 nìyẹn. Kó tó tán pátápátá, mítà ti kọ́kọ́ yá a ní £5, èyí tí wọ́n ń pè ní emergency credit, ó tẹ bọ́tìnnì, ó lò ó, kò mọ̀ pé yíyá ni. £12 àti £5, £17 náà rèé. Mítà kọ́kọ́ gba tirẹ̀ kó tó fún un ní èyí tó kù. Ẹni tó bá rántí fixed charge tí NEPA máa ń kọ sórí bíìlì, yálà iná wà tàbí kò sí, á mọ irú ìyà yìí dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn bíi mélòó kan máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan ní gúúsù London, a máa ń bá àwọn ará wa kọ fọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ tí màmá yẹn ti béèrè ẹni tó jẹ owó òun ni mo ti ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi ní ìbéèrè kan kí n tó mú bírò: owó ta ni ẹ fẹ́ lọ gbà? Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni owó, ẹ ò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní mọ ìdí tí wọ́n fi dá yín padà.

Àpò mẹ́ta

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹ̀. Aládùúgbò á ní wọ́n fún òun ní £150. Ẹlòmíràn á ní £300 wọ báńkì òun. Ẹnì kẹta á ní wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù òun láti ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ojú kan ni wọ́n ti gbà á, á gbéra lọ síbẹ̀, wọ́n á ní kò tọ́ sí i, á wálé wá sọ pé àwọ̀ òun ni wọ́n wò.

Àpò mẹ́ta ló wà. Ìkíní jẹ́ ti ìjọba, owó orí ló wà nínú ẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì, kì í ṣe inú rere wọn, òfin ló fi dandan mú wọn, owó ẹ̀ sì wà lára bíìlì tí gbogbo wa ń san. Ìkẹta jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Èyí tí èèyàn ń rí gbà nínú ọ̀kan kì í sábà dí i lọ́wọ́ láti gba ti òmíràn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣí wọn.

Ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, nígbà tí owó gáàsì fò sókè, ìjọba fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé ní £400, wọ́n pín in sí oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ jù lọ kò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Oore yẹn ló ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Títí dòní, mo ṣì ń rí àwọn tó ń retí pé yóò tún yọjú fúnra rẹ̀. Ó ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n yára la ti ìjọba kọjá. Ti England àti Wales ni mò ń sọ. Scotland ní orúkọ àti òfin tirẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn. Winter Fuel Payment jẹ́ ti àwọn tó ti pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì: £200 fún ilé kan, tàbí £300 bí ẹnì kan nínú ilé bá ti pé ẹni 80 ọdún. Ní 2024 wọ́n gé e kù sí kìkì àwọn tó ń gba Pension Credit (owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kò tó) tàbí bẹ́nífíìtì bíi tirẹ̀, ariwo sọ, ní 2025 wọ́n dá a padà fún gbogbo àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £35,000 lọ, wọ́n á fi owó orí gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Cold Weather Payment yàtọ̀ sí ìyẹn: £25 ni fún ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra tí òtútù àdúgbò yín bá wà ní òdo tàbí tó bá kéré sí òdo, láàárín ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, àwọn tó ń gba àwọn bẹ́nífíìtì kan nìkan ló sì wà fún. Ní London, gbogbo ìgbà òtútù lè kọjá kó má ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà ní àpò kékeré tirẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2021 ni wọ́n ti ń pè é ní Household Support Fund ní England; láti oṣù kẹrin 2026, Crisis and Resilience Fund ló gbapò rẹ̀. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń dá pinnu bí òun ṣe máa pín in, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n yín gbà ní Southwark lè má sí ní Greenwich.

Warm Home Discount ni orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ, ó jọ ti ìjọba, àpò kejì ló ti ń wá. £150 ni. Kì í wọ báńkì, orí àkáǹtì iná yín ni wọ́n ń fi í sí, ẹni tó ní mítà àsanṣáájú náà á rí i gbà bíi kírédíìtì. Láti ìgbà òtútù 2025, gbogbo ẹni tó bá ń gba bẹ́nífíìtì tí wọ́n ń wo owó tó ń wọlé kí wọ́n tó fún ni ló tọ́ sí, wọn kì í wo bí ilé ṣe tóbi mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí tiwa ti máa ń bàjẹ́ rèé: orúkọ yín tàbí ti ọkọ tàbí aya yín gbọ́dọ̀ wà lórí bíìlì iná ní ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù kẹjọ. Mo ti bá ìyàwó ilé kan pàdé tó ń gba Universal Credit, bẹ́nífíìtì àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, tó sì ń san owó iná láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n orúkọ ayálégbé tó kó kúrò kí wọ́n tó kó dé ló wà lórí bíìlì. Ọdún mẹ́rin! Ìpè kan péré sí ilé-iṣẹ́ iná ni ì bá ti tún un ṣe.

Àpò àwọn aláàánú

Nígbà tí àwọn ará wa bá gbọ́ ẹgbẹ́ aláàánú, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni ẹni tó nawọ́ owó síni. Owó iná kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí yóò kọjá lọ́wọ́ yín. Wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n san gbèsè náà tààrà fún ilé-iṣẹ́ iná, ẹ̀yin á kàn rí i pé gbèsè ti dín kù lórí bíìlì.

Kóòdù jẹ́ ti ẹni tó ní mítà àsanṣáájú, ẹni tí iná ẹ̀ fẹ́ kú lónìí tàbí tó ti kú. Fuel Bank Foundation ló mú irú èyí gbajúmọ̀, láti 2015. Ẹ kò lè fúnra yín lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń rán èèyàn sí wọn: ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, Citizens Advice tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ onílé káńsù, nígbà míràn ilé ìwé ọmọ yín. Ẹni tó bá fẹ́ kóòdù, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kó lọ. Wọ́n á béèrè orúkọ, àdírẹ́sì, irú mítà, àti iye èèyàn tó wà nílé. Kóòdù á wọ fóònù, ẹ ó gbé e pẹ̀lú káàdì tàbí kọ́kọ́rọ́ mítà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì PayPoint tàbí sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á gbé owó náà sórí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó máa kú. Ẹ má fi í pamọ́ de Kérésìmesì.

Ẹ sì rántí £17 màmá. Kóòdù kò mọ̀ pé àánú ni òun, bí mítà bá ti ní owó tó fẹ́ gbà, yóò gbà á lára kóòdù náà. Nítorí ìyẹn, kí ẹ tó lọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì mítà títí tí ẹ ó fi rí iye tí ẹ jẹ, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi han ẹni tó ń bá yín kọ ọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, tàbí kó kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n sún gbígbà gbèsè náà síwájú.

Irú kejì jẹ́ ti ẹni tí gbèsè ti pọ̀. Ní 2025, gbèsè iná àti gáàsì tí àwọn ilé jẹ ní Ìlú Ọba ju £4 bílíọ̀nù lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. British Gas Energy Trust ni èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù. Láti 2004 ló ti wà, British Gas ló ń fún un lówó, ṣùgbọ́n àwọn alámòójútó tirẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí wọn yóò fún. Orúkọ yẹn ló ń lé èèyàn sẹ́yìn: "Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni mò ń bá ra gáàsì, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Wọ́n ní àpò kan tó jẹ́ ti oníbàárà àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi EDF, E.ON Next, Octopus, OVO àti Scottish Power náà ní àpò tiwọn fún oníbàárà tiwọn. Àwọn àpò yìí máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń tì nígbà tí owó bá tán, ẹni tó bá bá a ní títì kó padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Irú kẹta ni mo fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé ó jọ ohun tí a mọ̀ nílé. Ní 2010, àwọn ará Somerset kan, ní England, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Surviving Winter. Àgbà tí owó òtútù ìjọba wọ báńkì rẹ̀ àmọ́ tí kò nílò rẹ̀, á fi í sílẹ̀ fún àgbà mìíràn ládùúgbò tí òtútù ń pa. Ètò náà tàn dé àwọn agbègbè mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò tí wọ́n ń pè ní community foundation ló ń pín in. Owó ẹni tó wà ní òpópónà kan náà pẹ̀lú yín ni.

Àwọn àpò tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà wà, àwọn ará wa kì í sì rántí wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kún ọwọ́ wa níbí. The Care Workers' Charity ń ran àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́, Cavell ń ran nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti olùrànlọ́wọ́ wọn lọ́wọ́. Owó iná wà lára ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ lọ bá wọn. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó bá tiyín mu, Turn2us ní ibi ìṣàwárí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ó kọ ọjọ́ orí, àdúgbò, iṣẹ́ tí ẹ ṣe rí, yóò to àwọn tó ṣeé ṣe jọ fún yín.

Fọ́ọ̀mù náà, àjọ, àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́, kì í ṣe pé wọn kò tọ́ sí i.

Kí àwọn aláàánú tó ń báni san gbèsè, irú kejì yẹn, tó dá yín lóhùn, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ rí agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè. Ọ̀fẹ́ ni: Citizens Advice, StepChange, National Debtline. Inú máa ń bí àwọn kan sí èyí, wọ́n á ní owó làwọn wá gbà, kì í ṣe ìwàásù. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ẹni tó ń fúnni lówó wò ó. Bí ó bá san £900 lónìí, tí ohun tó fa gbèsè náà kò sì kúrò nílẹ̀, £900 mìíràn á ti wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn kò sì ní rí gbà. Ó fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó tì yín.

Agbaninímọ̀ràn náà á bá yín kọ owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde, á sì béèrè ìwé báńkì oṣù mẹ́ta. Ní ti báńkì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Òyìnbó tó ń wo ìwé báńkì ọmọ Yorùbá á rí ohun tí kò rí rí. Á rí £200 tó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní gbogbo ìparí oṣù. Á rí £2,400 tó wọlé lójijì ní oṣù kẹta. Á rí £50, £80, £30 tó ń lọ sí Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá ṣàlàyé, ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni pé ẹ ní owó kan tí ẹ fi pamọ́.

Ẹ sọ fún un. Ẹ sọ pé àwa méjìlá la jọ ń dá àjọ, pé ìyá àjọ ni obìnrin náà, pé £2,400 yẹn kì í ṣe owó tuntun, £200 lọ́nà méjìlá ni, tèmi ló kàn láti kó. Mo máa ń mú bébà kan, mo máa ń kọ ìlà márùn-ún péré sí i, kí ẹni náà fọwọ́ sí i, kí a so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Kò tíì sí agbaninímọ̀ràn kan tó kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tí wọ́n ń kọ̀ ni èyí tí a fi pamọ́ tí wọ́n fúnra wọn wá rí.

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé le ju ti àjọ lọ. Mo ti rí bàbá kan tó kọ òdo sí i nítorí ìtìjú, ìwé báńkì sì ń pariwo. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti máa tọ́jú ìyá ẹni, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fi ń ṣe, bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lóòótọ́, wọ́n lè ní kí ẹ dín in kù, ẹ ó sì ní láti dáhùn. Ìdámẹ́wàá náà ń kọ́? Bákan náà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó máa ṣe pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀, mo kàn ń sọ pé kí ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù àti ohun tó wà nínú ìwé báńkì jọ ara wọn.

Ohun mìíràn tí wọ́n á béèrè ni ìtàn yín: kí ló ṣẹlẹ̀? Àwa a máa fẹ́ kọ "ìṣòro owó ni." Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ pé iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ ń ṣe dín láti ọjọ́ márùn-ún sí méjì ní oṣù kọkànlá, pé bọ́ílà bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi hítà oníná mú yàrá ọmọ gbóná. Ẹ tilẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ fún wọn. Hítà kékeré onífáànù tó ń jẹ 2kW, bí yúníìtì iná bá jẹ́ 26p, 52p ló ń jẹ ní wákàtí kan. Bí ẹ bá tàn án láti mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, £4.16 lóru kan ṣoṣo. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó ìlọ́po mẹ́rin gáàsì fún yúníìtì kan, ìdí nìyẹn tí bọ́ílà tó bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi lè bí gbèsè oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀rù físà

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù, tí wọ́n sì máa ń rọra sọ ọ́, ni: "Wọ́n kọ no recourse to public funds sórí físà mi, kí wọ́n má bàa lé mi." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni náà kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ó wà lórí físà òṣìṣẹ́, ó sì ti jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó sínú òtútù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́.

Ohun tí gbólóhùn yẹn kà léèwọ̀ ni àwọn owó tí òfin wọlé-wọ̀de dárúkọ wọn: Universal Credit, Pension Credit, owó ilé àti àwọn bíi tiwọn. Owó tí ẹgbẹ́ aláàánú fún yín láti inú àpò ara rẹ̀ kò sí nínú àtòjọ náà. Kóòdù gáàsì láti ọ̀dọ̀ aláàánú kò sí níbẹ̀. Àdéhùn tí ẹ bá ilé-iṣẹ́ iná ṣe láti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni káńsù, nítorí pé púpọ̀ nínú owó tí káńsù ń pín ni òfin kà sí owó ìjọba, nígbà míràn sì rèé, ẹgbẹ́ aláàánú ló ń bá káńsù pín in. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi wọ́n ní gbangba pé: ta ló ni owó yìí? Tí kò bá dá wọn lójú, ẹ rí agbaninímọ̀ràn tó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ wọlé-wọ̀de, kì í ṣe búrọ̀dá tó mọ ẹnì kan.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tí owó iná wà lára owó ilé, ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí bíìlì lórúkọ rẹ̀, kò sì sí gbèsè tí aláàánú lè bá a san. Ṣùgbọ́n aṣọ ìbora oníná, ìrànwọ́ oúnjẹ tó máa jẹ́ kí owó ṣẹ́kù, àti àwọn yàrá gbígbóná tí ilé ìkàwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣí sílẹ̀ láti 2022 wà fún un, wọn kì í sì béèrè bíìlì.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró

Ìdáhùn lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n tó pè yín. Òfin Ofgem, àwọn tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì, ní kí wọ́n wo agbára yín kí wọ́n tó sọ iye tí ẹ ó máa san, nítorí náà bí wọ́n bá ní £120 lóṣù, tí fọ́ọ̀mù owó-tó-ń-wọlé yín sì fi hàn pé £25 lẹ lè san, £25 ni kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Bí mítà àsanṣáájú bá ti fẹ́ kú, ẹ béèrè fún kírédíìtì àfikún, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, arúgbó tàbí aláìsàn nílé. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn oníbàárà tó nílò ìtọ́jú àfikún. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni kò ka mítà dáadáa, tí wọ́n wá já bíìlì ńlá lù yín lójijì, wọn kò lè gba owó ohun tí ẹ lò ní èyí tó ju oṣù méjìlá sẹ́yìn lọ. Bí àwọn olùgbowó-gbèsè bá sì ti ń kanlẹ̀kùn, agbaninímọ̀ràn lè fi yín sínú ètò Breathing Space, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2021 ní England àti Wales: fún 60 ọjọ́, wọn kò gbọdọ̀ yọ yín lẹ́nu lórí gbèsè tó wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó máa san ti iná tí ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́.

Price cap tí wọ́n ń kéde nínú ìròyìn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kì í ṣe òpin owó tí ẹ lè san. Iye yúníìtì kan àti standing charge ni Ofgem fi ààlà sí. Ẹni tó bá lo púpọ̀ á san púpọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ sọ èyí: bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé owó òtútù yín ti ṣetán, kí ẹ tẹ líǹkì, kí ẹ kọ nọ́ńbà káàdì báńkì síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Jìbìtì ni. Aláàánú kò nílò nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín láti san gbèsè gáàsì.

Ní ti màmá, kóòdù rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Agbaninímọ̀ràn kan rí i pé ó tọ́ sí Pension Credit láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò gbà á rí, ìyẹn ló ṣí ilẹ̀kùn £150 fún un, àpò aláàánú nìkan kọ́ ló gbà á. Ní oṣù keje tó tẹ̀ lé e, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù kọ́nà náà. Oòrùn mú débi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó na káàdì gáàsì sí ọmọkùnrin náà, ó ní kó fi £10 sí i. Ọmọkùnrin wò ó, ó wo ìta, ó bi í bóyá òtútù ń mú un.

"Standing charge ni," màmá dá a lóhùn, ó sì dúró gba rìsíìtì rẹ̀.